Orúnkún Ló Ń Ké, Ìgbáròkó Ló Ń Kú: Ìṣẹ̀lẹ̀ Aránṣọ Kan ní Mararaba

Aránṣọ ni, ẹni ọdún 36, ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Mararaba lójú ọ̀nà Keffi, níbi tí ìpínlẹ̀ Nasarawa ti fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú Abuja. Ọmọ méjì ló bí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn kankan tó gbà kọjá, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké tí kò kan àìsàn náà padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i pé ká kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó ń dunni ni àrọ́mọléegun."

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bí ọmọ kejì ni orúnkún òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Orúnkún náà kò wú, kò gbóná, obìnrin náà kò sì rántí pé òun ṣubú tàbí fẹsẹ̀ kọ. Tó bá ti jókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó wá fẹ́ dìde, yóò kọ́kọ́ di etí tábìlì mú, yóò rọra na ẹsẹ̀, kó tó lè gbé ìṣísẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni. Àwọn ìyá àdúgbò ní òtútù ló wọ̀ ọ́ léegun nígbà tó ṣì jẹ́ ìyá ìkókó, wọ́n ní kó máa fi aṣọ gbígbóná jó o, kó máa fi òrí pa á. Ó ṣe é. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ìrora náà ni kò gbọ́.

Ó kan kẹ́mísìtì. Diclofenac, oògùn ìrora, ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún un. Nígbà tó yá ni wọ́n mú abẹ́rẹ́ kan jáde tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá gún un lónìí, ara á fúyẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ìrora á tún padà dé. Ó gba abẹ́rẹ́ yìí nígbà mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ fi abẹ́rẹ́ náà sọ́kàn. Oògùn stẹ́rọ́ìdì bíi dexamethasone wà lára ohun tó lè pa orí eegun itan, àwọn èèyàn sì ń gún un fún ẹ̀yìn ríro àti ẹsẹ̀ ríro láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń gún.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ya X-ray orúnkún. Ó mọ́ tónítóní. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ fún àrọ́mọléegun, wọ́n wo uric acid, ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó lè mú oríkèé dunni bó bá pọ̀ jù, méjèèjì dára. Àyẹ̀wò Widal, ti táífọ́ọ̀dù, náà ò gbẹ́yìn. Nàìjíríà la wà. Wọ́n tọ́jú táífọ́ọ̀dù tí kò ní, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ọ̀nà tí ìrora náà gbà rìn nìkan tó láti ta èèyàn lólobó. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́fà, kì í ṣe orúnkún nìkan mọ́. Ó ti gòkè dé iwájú itan, ó dé ibi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn, ó sì ń kan ìdí nígbà mìíràn. Ó ti ń tiro. Kò lè wọ bàtà òsì láìjókòó. Kò lè ya ẹsẹ̀ gun ọ̀kadà mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ń kọ ìdí sí lẹ́yìn ọlọ́kadà. Ẹni tó bá ti tọ́jú oríkèé ìgbáròkó rí yóò dá àwọn àmì wọ̀nyí mọ̀. Iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora kúrò ní oríkèé yìí ní ẹ̀ka tó ń lọ sí orúnkún, ọpọlọ lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣi ibi tí ìròyìn náà ti wá mọ̀. Ara ọmọdé ni wọ́n ti sábà máa ń kọ́ wa ní èyí nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn: bí ọmọ bá ní orúnkún ń dun òun, yẹ ìgbáròkó rẹ̀ wò. Àgbàlagbà náà ní ìgbáròkó.

Dókítà tó rí i nílé ìwòsàn kejì gbọ́ pé ó ń ti ìdí sọ̀kalẹ̀ dé orúnkún, ọkàn rẹ̀ sì lọ sí eegun ẹ̀yìn. Ohun tó kọ sórí fọ́ọ̀mù ni pé ẹ̀yìn ń ro ó, ó ń ṣàn lọ sí orúnkún òsì, ká wò ó bóyá dísìkì, ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, ló yọ. MRI eegun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, àwòrán tí wọ́n ń fi mágnẹ́ẹ̀tì yà, ló béèrè. Owó rẹ̀ ju ohun tí aránṣọ lè kó jọ lóṣù kan lọ. Obìnrin yìí ta ẹ̀rọ wíìfìn rẹ̀, ó fi owó àjọ kún un, ó wá sọ́dọ̀ wa, àwa tí à ń ya irú àwòrán yìí tí a sì ń kà á.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ àwòrán

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí. X-ray, kálísíọ̀mù inú eegun ló ń rí. MRI ò lo irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì ńlá ni, pẹ̀lú ìgbì rédíò tó ń bá háídírójìn inú omi àti ọ̀rá ara sọ̀rọ̀, tó sì ń tẹ́tí sí èsì wọn. Lórí ẹ̀rọ tí agbára mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ 1.5 tẹ́slà, bíi megahẹ́ẹ̀tì 64 ni ìgbì náà, ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ FM wà. Ọ̀rá àti omi ló kún inú mùdùnmúdùn eegun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dẹ́kun dídé ibì kan, mùdùnmúdùn ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Kálísíọ̀mù lè wà bó ṣe wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà X-ray lè dára nígbà tí eegun ti ń kú.

Rédíógíráfà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mú un wọ yàrá ìyípadà aṣọ. Aránṣọ wa ti yọ yẹtí, ó ti yọ pín-ìn-nì orí.

"Ẹ má bínú mà, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ wà nídìí yín?"

"Ó wà ńbẹ̀, àmọ́ òwú ni wọ́n fi sín in, Nọ́ọ̀sì."

"Ẹ jẹ́ n wò ó, mà."

Irin tín-ń-tín ni wọ́n fi so ẹnu ìlẹ̀kẹ̀ náà pọ̀. Ìyá obìnrin náà ló so ó fún un lẹ́yìn ìbímọ, kò sì fẹ́ kó sọnù. Wọ́n tú u, wọ́n dì í sínú àpòòwé, wọ́n fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ń sọ èyí nítorí pé púpọ̀ nínú fọ́ọ̀mù ààbò tí à ń lò, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti kọ ọ́, wọn kì í béèrè ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, wọn kì í béèrè oǹdè, wọn kì í béèrè òrùka inú ìfúnpá. Irin kékeré bẹ́ẹ̀ lè ṣàì pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n yóò lu ihò dúdú sínú àwòrán ní agbègbè ìgbáròkó gan-an. Ká ní ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kì bá máa kọ àkọsílẹ̀ yìí.

Àwòrán àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ máa ń yà kò ju ìtọ́sọ́nà lọ. Ó ń yára, kò mọ́lẹ̀ dáadáa, a fi ń mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ kì í wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń yà láti iwájú máa ń gbòòrò, ó sì máa ń kó nǹkan tí a kò béèrè mọ́ra: kíndìnrín lókè, nígbà mìíràn orí eegun itan nísàlẹ̀ pátápátá. Rédíógíráfà yìí wo ìsàlẹ̀. Ó rí i pé orí eegun itan òsì ní àbààwọ́n dúdú kan tí ti ọ̀tún kò ní. Kò dá iṣẹ́ dúró, ó ń ya eegun ẹ̀yìn lọ bí wọ́n ṣe ní kó yà á, ṣùgbọ́n ó gbé fóònù.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí aǹtí yìí tó sọ̀kalẹ̀, ẹ wá wo ìsàlẹ̀ àwòrán àkọ́kọ́."

Nígbà tí mo fi dé ibẹ̀, T1 eegun ẹ̀yìn, ọ̀kan lára oríṣi àwòrán tí MRI ń yà, ti jáde, òun náà sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Lórí T1, ọ̀rá máa ń funfun. Mùdùnmúdùn eegun ẹ̀yìn àgbàlagbà máa ń ní ọ̀rá tó pọ̀ tó láti funfun ju dísìkì tó wà láàárín wọn lọ. Ti obìnrin yìí dúdú ju dísìkì lọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ọgbọọgba. Bí a bá rí irú èyí, ohun mélòó kan ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn: kí ẹ̀jẹ̀ máa tán lára kí eegun sì máa sáré pèsè òmíràn, tàbí kí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ti gba inú mùdùnmúdùn, tàbí kí jẹjẹrẹ láti ibòmíràn ti tàn dé ibẹ̀. Bó ṣe rí bákan náà káàkiri, tí kò sí kókó kankan níbì kan, ló jẹ́ kí ọkàn mi lọ sí ti àkọ́kọ́.

Dísìkì tí fọ́ọ̀mù béèrè? Ó wà. Èyí tó wà láàárín L4 àti L5, eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún, yọ síta díẹ̀, kò kan iṣan kankan. Bí mo bá kọ ìyẹn nìkan, mo ti dáhùn ohun tí wọ́n bi mí, gbogbo wa á sì túká. Irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ ló léwu jù lọ nínú iṣẹ́ wa, nítorí pé òótọ́ ni. Ní 1994, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa ènìyàn 98 tí ẹ̀yìn kò dùn rárá: ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní dísìkì tó yọ díẹ̀, ó kéré tán níbì kan. Dísìkì yíyọ díẹ̀ lára ẹni ọdún 36 kò fi hàn pé òun ló ń dun ún. Ká ní a gbé èyí fún dókítà rẹ̀, wọ́n á fún un ní bẹ́líìtì ìdí àti oògùn ìrora, orí eegun náà á sì máa kú lọ.

Mo wọlé lọ bá a nígbà tí wọ́n gbé e jáde kúrò nínú ihò ẹ̀rọ. Mo ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ bó ṣe wà. Mo ká orúnkún òsì sókè, mo rọra ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ síta kí orí eegun itan lè yí sínú.

"Yéè! Ibẹ̀ gan-an ni, Dókítà!"

"Ṣé orúnkún ni?"

"Rárá o, ibí ni." Ó fọwọ́ lé ibi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn.

"Ṣé wọ́n ti yí ẹsẹ̀ yín báyìí rí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, sà. Ìwé ni wọ́n máa ń kọ."

Ìdánwò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá ti ṣe é ní oṣù kìíní, ẹ̀rọ wíìfìn náà ì bá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo pe dókítà tó kọ fọ́ọ̀mù lórí fóònù, mo ṣàlàyé, ó ní ká fi kún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan wà tí wọ́n gbà pé kò yẹ ká ya ohun tí a kò béèrè lọ́wọ́ wa. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀: àkókò ẹ̀rọ, owó, àwọn tó ń dúró níta láti òwúrọ̀. Ẹni tó ń bójú tó owó ní ibi iṣẹ́ wa náà kùn. Èrò tèmi ni pé ìpè fóònù kan ló ń yanjú ọ̀rọ̀ àṣẹ, T1 ìgbáròkó méjèèjì, pẹ̀lú T2 àti STIR tí wọ́n jẹ́ oríṣi àwòrán MRI mìíràn, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kì í sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí ẹni tó ti dùbúlẹ̀ tán. Bí obìnrin yìí bá sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, MRI kejì kò sí. Kò ní ẹ̀rọ wíìfìn méjì.

Àárín STIR ni iná lọ. Ọkọ rẹ̀ tó wà níta dìde, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ wọlé lọ mú ìyàwó rẹ̀. Rédíógíráfà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Iná lọ, mágnẹ́ẹ̀tì ò lọ: irú mágnẹ́ẹ̀tì yìí kì í dúró de iná kó tó fa irin, tọ́ọ̀ṣì yẹn ì bá fò lọ bá ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yí ẹ̀rọ yìí ká, títí kan ọlọ́dẹ àti ẹni tó ń gbálẹ̀, mọ èyí láìsí pé wọ́n bi í. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀, a tún STIR yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìlà méjì

Lórí T1, ìlà dúdú kan tó ń lọ́ bí ejò yí apá òkè iwájú orí eegun itan òsì ká, ọ̀rá inú rẹ̀ sì ṣì funfun. Lórí T2, ìlà náà di méjì: dúdú níta, funfun nínú. Ibẹ̀ ni ara ti ń bá ikú jà. Ìlà funfun ni ẹran ara tuntun tí ara ń rán lọ láti tún ibẹ̀ ṣe. Ìlà dúdú ni eegun tó ti le síbẹ̀ bí odi. STIR, tó máa ń pa ìmọ́lẹ̀ ọ̀rá kí omi lè hàn, fi hàn pé omi ti kún mùdùnmúdùn láti orí eegun dé ọrùn rẹ̀, omi díẹ̀ sì wà nínú oríkèé. Orí eegun náà ṣì rí róbótó. Kò tíì wó.

Ti ọ̀tún ni kò jẹ́ kí n tètè sùn. Ìlà náà wà níbẹ̀, kékeré, láìsí omi, láìsí ìrora. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọwọ́ sí kí wọ́n máa ya ẹyọ ìgbáròkó kan, bó ti wù kí aláìsàn tẹnu mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan tó.

Àwọn tó wà ní ẹ̀ka ìbímọ lè béèrè pé báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe omi inú eegun tó máa ń ṣe àwọn aboyún, èyí tó ń wá ní oṣù ìparí oyún tó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ni. Ìyẹn máa ń kún gbogbo orí eegun láìní ìlà, ìrora rẹ̀ sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó wáyé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ inú oríkèé, tí kì í ṣe àlejò ní ìhà àríwá, a máa jẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì oríkèé, orí eegun àti kòtò tó gbà á, omi rẹ̀ a sì pọ̀. Kò sí èyí níbí. A ò fún un ní gadolinium, oògùn tí wọ́n ń gún kí àwòrán lè hàn sí i. Kò sí ohun tó máa fi kún ohun tí a ti rí, owó ló máa fi kún.

Ó ku ìdí tó fi ṣẹlẹ̀. Mo bi í léèrè jẹnotáìpù rẹ̀. "AS ni mí, sà. Láti sẹ́kọ́ńdìrì." Ìwé náà wà nílé, ọkọ rẹ̀ lọ mú un wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun tó wà lórí rẹ̀ kò ju àyẹ̀wò sickling lọ, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ náà ń tẹ̀, wọ́n kọ AS. Àyẹ̀wò yẹn lè sọ pé S wà níbẹ̀. Kò lè sọ ohun tó bá S rìn. AS, SS àti SC, bákan náà ni gbogbo wọn máa ń rí lójú rẹ̀. Ìwé yìí ni ṣọ́ọ̀ṣì wò kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, AA ni ọkọ, gbogbo ènìyàn sì fọkàn balẹ̀.

A ní kó lọ ṣe electrophoresis, àyẹ̀wò tó ń ya oríṣi jẹnotáìpù sọ́tọ̀. S àti C ló jáde, SC, tó jẹ́ irú fọníkúfọ̀ladìde kan. PCV rẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa inú ara, jẹ́ 33, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn yóò wò kọjá lára ìyá ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa Yorùbá ní pàtàkì níbí. Ní Nàìjíríà, àárín wa ni C ti wọ́pọ̀ jù lọ. Àwọn SC kì í sábà rí bí fọníkúfọ̀ladìde tí àwọn èèyàn mọ̀. Ojú wọn lè má pọ́n, wọ́n lè sanra, wọ́n lè bímọ, wọ́n lè dé ogójì ọdún láìgba ẹ̀jẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n C máa ń fa omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ pupa, S inú rẹ̀ a sì ki jọ, ẹ̀jẹ̀ náà a ki, a sì máa há sínú àwọn òpó tó tẹ́ẹ́rẹ́. Òpó tó ń bọ́ orí eegun itan tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì ní arọ́pò tó nílàárí. Oyún àti ìbímọ máa ń dá kún un. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1991 yẹ ènìyàn 2590 tó ní oríṣiríṣi àìsàn yìí wò. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni orí eegun itan rẹ̀ ti ń kú nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Abẹ́rẹ́ kẹ́mísìtì náà lè ti dá sí i. SC nìkan tó láti ṣe é.

Ohun tí wọ́n ṣe

Dókítà eegun fẹ́ lu ihò sínú ọrùn eegun kí ìfúnpá inú rẹ̀ lè dín kù. Iṣẹ́ abẹ yìí wọ́pọ̀, ìgbà tí orí eegun kò tíì wó ni wọ́n máa ń ṣe é. Dókítà ẹ̀jẹ̀ kò yára gbà. Ó rán wa létí ìwádìí kan tó jáde ní 2006, tó pín àwọn tó ní fọníkúfọ̀ladìde tí orí eegun itan wọn ń kú sí méjì: wọ́n lu ihò fún apá kan, wọ́n sì ṣe físíò fún wọn, físíò nìkan ni wọ́n ṣe fún apá kejì. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, ìyàtọ̀ tó hàn kedere kò sí láàárín wọn. Akunilóorun fún SC náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: òtútù, òùngbẹ àti àìtó atẹ́gùn lè fa wàhálà mìíràn lórí tábìlì.

Wọ́n wá bi wá léèrè bí apá tó kú náà ti tóbi tó. A wọn igun tó gbà nínú àwòrán tó gba àárín gbùngbùn kọjá láti iwájú, a wọn ti ẹ̀gbẹ́, a ro méjèèjì pọ̀. Bí àpapọ̀ bá kọjá dígírì 240, orí eegun náà sábà máa ń wó. Bí kò bá tó 190, ó sábà máa ń dúró. Tirẹ̀ jẹ́ 220 ní òsì. Agbedeméjì, ibi tí kò sẹ́ni tó lè dánu dúró. Mo rò pé ó yẹ kí iye yìí máa wà nínú gbogbo ìjábọ̀ wa lórí àìsàn yìí, nítorí òun ni dókítà eegun fi ń pinnu. "Orí eegun ń kú" nìkan kò tó o.

Wọ́n jọ fẹnu kò sí físíò, ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, àga gíga dípò àpótí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, omi mímu dáadáa, aṣọ òtútù nígbà ọyẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn ará ilé kan ní kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Físíò tó ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ Ìlọrin, ló bá wọn jókòó: eegun tí kò kúrò ní àyè rẹ̀ kò ṣeé tò, bẹ́ẹ̀ ni fífà á lè mú kó tètè wó. Wọ́n gbọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà a ya T1 àti STIR nìkan, láìgba owó odindi. Omi inú mùdùnmúdùn òsì ti dín kù gan-an, ìrora náà sì ti dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Orí eegun ṣì róbótó. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í mu oògùn ìrora lójoojúmọ́ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dáa. Nígbà tó lé ní ọdún kan, ìrora padà wá lójijì bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. X-ray tí a yà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ní yíyà, bí ti ọ̀pọ̀lọ́, fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn bí oṣù tuntun lábẹ́ ojú eegun òsì, ojú náà sì ti tẹ̀ díẹ̀, kò tó mìlímítà méjì. X-ray tí a yà ní ìdúró lásán lọ́jọ́ kan náà kò fi í hàn. Ẹ máa béèrè àwòrán ẹsẹ̀ yíyà yẹn. Ó rọ̀ lówó, ọ̀pọ̀ ibi ni wọn kì í ti í yà á. Ní báyìí, ó ti di ọ̀rọ̀ ìgbà tí wọn yóò pààrọ̀ oríkèé òsì, dókítà eegun sì ń fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ti ọ̀tún ò tíì fọhùn. Ibi tó wà nígbà tí a kọ́kọ́ rí i ló ṣì wà.

Fún àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù: ibi tí aláìsàn fi ìka tọ́ka sí, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ yí ìgbáròkó rẹ̀, àti jẹnotáìpù tí wọ́n fi electrophoresis ṣe. Bí mẹ́ta yìí bá wà lórí fọ́ọ̀mù, àwa náà á mọ ibi tí a ó yà. Fún àwọn rédíógíráfà tó ń lo ẹ̀rọ kékeré, 0.3 tẹ́slà tàbí bẹ́ẹ̀: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà pípa ọ̀rá tí wọ́n ń lò lórí ẹ̀rọ ńlá, ìyàtọ̀ láàárín omi àti ọ̀rá ti kéré jù níbẹ̀. STIR ló máa ṣiṣẹ́. Bí eegun ẹ̀yìn tí ẹ yà bá sì dúdú ju dísìkì lọ lórí T1, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí aláìsàn náà lọ kí ẹnì kan tó wo mùdùnmúdùn yẹn.

Dókítà ẹ̀jẹ̀ ló ní kí obìnrin yìí lọ wo ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fi òwú wọ abẹ́rẹ́ láìlo awò. Àwọn SC ni àìsàn ẹ̀yìn ẹyinjú tí fọníkúfọ̀ladìde ń fà máa ń bá jà jù láàárín gbogbo àwọn tó ní S. Dókítà ojú rí òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun tó ti ń hù ní etí ẹ̀yìn ẹyinjú ọ̀tún, irú èyí tó máa ń ya lójijì tí ojú á sì kún fún ẹ̀jẹ̀, ó sì fi lésà pa á. Láti ìgbà náà, bí ìjábọ̀ mi bá ti fura sí SC, ìlà tó kẹ́yìn rẹ̀ máa ń ní kí aláìsàn rí dókítà ojú, kódà bó bá ń ríran dáadáa.